Àṣẹ Ẹgbẹ́ àti Ẹ̀rí-Ọkàn Ọmọ Ẹgbẹ́: Ohun tí Ó Yẹ kí Ará Ilẹ̀ Ìkálẹ̀ Mọ̀ Nípa Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò

Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń gbé ènìyàn dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò kò pọ̀: ilẹ̀, ogún, oyè, tàbí ọmọ ẹni tí ó wà ní àhámọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ojú ẹ̀, ẹbí a dá owó jọ, wọn a wá lọ́yà kan ní Òkìtìpupa tàbí ní Àkúrẹ́, wọn a kó ìwé ilẹ̀ àti owó lé e lọ́wọ́, wọn a sì padà sílé láti máa retí. Láti ọjọ́ náà lọ, ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀, àti nígbà mìíràn òmìnira ọmọ, ti wà ní ọwọ́ ẹnì kan tí wọn kò mọ̀ rí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni èyí: ta ni ó ń mójú tó ẹni náà? Ta ni ó lè pè é kí ó wá jíhìn? Bí ẹni tí ó ń mójú tó o bá sì ṣi agbára lò, ta ni yóò gba agbẹjọ́rò náà sílẹ̀?

Ìdáhùn sí ìbéèrè wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò Nàìjíríà, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NBA. Ẹgbẹ́ yìí ní ẹ̀ka ní Òkìtìpupa, gẹ́gẹ́ bí ó ti ní in ní àwọn ìlú mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé bí ẹgbẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tí ojú ọmọ ẹgbẹ́ kan láti ìpínlẹ̀ wa rí lọ́wọ́ rẹ̀, àti àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ fún ará ìlú tí kì í ṣe agbẹjọ́rò.

Kí kóòtù tó dé

Kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìdájọ́. Ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ, baálé a máa parí ìjà nínú agbo ilé, àwọn olóyè a sì máa jókòó pẹ̀lú ọba láti gbọ́ ẹjọ́ tí ó bá ju agbára baálé lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá di èyí tí ẹlẹ́rìí kò sí, wọn a ní kí àwọn tí ń jà lọ búra níwájú Ayélála, òrìṣà tí gbogbo agbègbè náà bẹ̀rù nítorí àwọn olè, àwọn onírọ́ àti àwọn tí ń da májẹ̀mú. Nínú gbogbo ètò yìí, kò sí ẹni tí ó ń gbowó láti bá ẹlòmíràn rojọ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó ń sọ tẹnu rẹ̀, ẹbí rẹ̀ a sì dúró tì í.

Kóòtù ìjọba ni ó mú agbẹjọ́rò wá, nítorí pé òfin rẹ̀ wà nínú ìwé, ó sì wà ní èdè tí kì í ṣe tiwa. Ẹni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ wa tí ó gba oyè agbẹjọ́rò ni Christopher Sapara Williams, tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 17, oṣù kọkànlá, ọdún 1879, ó sì forúkọ sílẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́ nílé ní ọjọ́ 30, oṣù kìíní, ọdún 1888. Òun ni ó ṣe alága àwọn agbẹjọ́rò láti ọdún 1900 títí di ọdún 1915 tí ó kú. Ní àkókò tirẹ̀, agbẹjọ́rò tí ó kàwé yanjú kò tó nǹkan rárá, débi pé kóòtù a máa gba àwọn akọ̀wé tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láyè láti máa gbẹjọ́ rò. Ìdí pàtàkì kan tí irú ẹgbẹ́ báyìí fi wúlò nìyẹn: kí a lè mọ ẹni tí iṣẹ́ náà tọ́ sí yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Bí ènìyàn ṣe ń di ọmọ ẹgbẹ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ẹni tí ó bá ti gba oyè ìmọ̀ òfin ní yunifásítì ti di agbẹjọ́rò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ náà ní láti lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà, èyí tí a fi òfin ọdún 1962 dá sílẹ̀ tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 1963. Kí ó tó di ìgbà yẹn, ìlú òyìnbó ni àwọn tí ó fẹ́ di agbẹjọ́rò ń lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yege, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà amòfin tí wọ́n ń pè ní Body of Benchers yóò yẹ ìwà rẹ̀ wò, wọn yóò sì fún un ní àṣẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ìwé orúkọ tí ó wà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Àbújá. Orúkọ tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ kì í ṣe agbẹjọ́rò, bí ó tilẹ̀ wọ aṣọ dúdú àti wíìgì.

Láti ìgbà náà ni ó ti di ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní láti dara pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tí ó wà níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́, kí ó máa lọ sí ìpàdé, kí ó sì máa san owó àṣẹ iṣẹ́ lọ́dọọdún kí oṣù kẹta tó parí. Òfin tí ó ń darí iṣẹ́ agbẹjọ́rò, èyí tí a ṣe ní ọdún 1975, sọ pé ẹni tí kò bá san owó náà kò lẹ́tọ̀ọ́ kí adájọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nínú kóòtù. Nínú gbogbo owó tí wọ́n bá rí gbà, ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń lọ sí àpò ẹgbẹ́. Owó yìí ni wọ́n fi ń ṣe ètò ẹgbẹ́, títí kan ìpàdé gbogbogbòò ọdọọdún tí ó máa ń kó àwọn agbẹjọ́rò jọ láti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Fún agbẹjọ́rò tí ó wà ní ìlú bíi Òkìtìpupa, ẹ̀ka ni ojú gidi tí ẹgbẹ́ ní. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò ti ń mọ àwọn àgbà, níbẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní kóòtù, ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí a bá hùwà àìtọ́ sí lẹ́nu iṣẹ́ ti ń wá ẹni tí yóò gbèjà rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó lè gbé ènìyàn sókè náà lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìtàn tí ó tẹ̀lé e yìí yóò ti fi hàn.

Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó kọ àṣẹ ẹgbẹ́

Ọmọ bíbí ìlú Oǹdó ni Olóyè Gani Fáwẹ̀hìnmi. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 22, oṣù kẹrin, ọdún 1938. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò àwọn mẹ̀kúnnù, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ nípa wàhálà tí ó wà láàárín òun àti ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní òpin oṣù kejìlá ọdún 1983, àwọn ológun gba ìjọba. Ní ọdún 1984 wọ́n ṣe òfin kan, Decree nọ́ńbà 3, tí ó dá àwọn ìgbìmọ̀ ìdájọ́ pàtàkì sílẹ̀ láti ṣe ìdájọ́ àwọn olóṣèlú tí wọ́n fẹ̀sùn kíkó owó ìlú jẹ kàn. Ọ̀gá ológun ni ó ń ṣe alága irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n bá sì dá lẹ́bi kò lè gba kóòtù lọ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Olóyè Adékúnlé Ajásin, tí ó ti jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó, wà lára àwọn tí wọ́n gbé dé iwájú ìgbìmọ̀ náà. Wọ́n dá a láre. Ṣùgbọ́n Olóyè Bísí Ọnàbánjọ ti Ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n jọ jẹ́jọ́, gba ẹ̀wọ̀n ọdún méjìlélógún.

Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò rí ohun tí ó burú nínú òfin yìí. Wọ́n ní kóòtù tí ológun jẹ́ olórí rẹ̀, tí kò sì sí ọ̀nà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, kì í ṣe ibi tí òtítọ́ ti lè rí ojú rere. Wọ́n pa á láṣẹ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe yọjú síbẹ̀. Fáwẹ̀hìnmi kọ̀. Ní tirẹ̀, àwọn tí wọ́n bá jí owó ìlú gbọ́dọ̀ jíhìn, kò sì tọ́ kí àwọn agbẹjọ́rò dì í lọ́nà. Ó yọjú sí ìgbìmọ̀ náà. Ẹgbẹ́ bá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí wọ́n sọ pé wọ́n ti tàbùkù iṣẹ́ agbẹjọ́rò.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò rọrùn bí ó ti lè dà. Ẹgbẹ́ kò ṣe àṣìṣe nípa irú ìgbìmọ̀ tí àwọn ológun dá sílẹ̀. Ìdájọ́ tí kò ní ọ̀nà àbáyọ léwu fún ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí kò jẹ̀bi. Bí gbogbo agbẹjọ́rò bá sì ń ṣe ohun tí ó wu kálukú, àṣẹ ẹgbẹ́ kò ní ìtumọ̀ mọ́, ìjọba ológun ìbá sì rí wọn bí igi ìgbálẹ̀ tí okùn rẹ̀ já. Ṣùgbọ́n Fáwẹ̀hìnmi náà ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́. Agbẹjọ́rò kì í ṣe ẹrú ẹgbẹ́. Ẹni tí ó ń jẹ́jọ́ níwájú ìgbìmọ̀ líle gan-an ni ó nílò agbẹjọ́rò jù, ẹ̀rí-ọkàn ènìyàn kì í sì í ṣe ohun tí a lè dìbò lé lórí ní ìpàdé. Òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn ológun. Lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n tì í mọ́lé. Nígbà tí ìjọba ológun mú un ní oṣù kìíní ọdún 1996, ẹjọ́ tí ó pè lórí rẹ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ìdájọ́ ọdún 2000 tí ó ti ibẹ̀ jáde sì wà lára àwọn tí a ń tọ́ka sí jù lọ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà.

Ta ni yóò dá ẹjọ́ agbẹjọ́rò?

Ní àkókò kan náà, ẹjọ́ mìíràn ń lọ láàárín Fáwẹ̀hìnmi àti Ìgbìmọ̀ Ìbáwí fún Àwọn Agbẹjọ́rò. Òfin ọdún 1975 ni ó gbé ìgbìmọ̀ yìí kalẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó ń polówó ara rẹ̀ ní ọ̀nà tí ìlànà iṣẹ́ kò fàyè gbà. Fáwẹ̀hìnmi kò dúró lórí bóyá òun ṣe é tàbí òun kò ṣe é. Ó ní díẹ̀ lára àwọn tí ó fẹ́ jókòó dá ẹjọ́ òun ni ó ti lọ́wọ́ nínú ẹ̀sùn náà tẹ́lẹ̀, nítorí náà wọn kò lè ṣe ìdájọ́ òdodo. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní ọdún 1985, àwọn adájọ́ dá a láre: ẹni tí ó fẹ̀sùn kan ènìyàn kò gbọ́dọ̀ tún jókòó gẹ́gẹ́ bí onídàájọ́ lórí ẹ̀sùn kan náà.

Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí ẹjọ́ náà fi kún un ni pé òfin yìí mú àwọn agbẹjọ́rò fúnra wọn pẹ̀lú, kódà nígbà tí ó bá jẹ́ àwọn ọ̀gá wọn ni wọ́n jókòó. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́, ti àwọn dókítà, ti àwọn olùkọ́, títí dé ti àwọn awakọ̀, ti ní ohun tí wọn yóò rántí bí wọ́n bá fẹ́ bá ọmọ ẹgbẹ́ wí: ẹ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, ẹ jẹ́ kí ó rojọ́, kí ẹni tí ó fẹ̀sùn kàn án má sì jẹ́ ẹni tí yóò dá a.

Fáwẹ̀hìnmi kò fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ń bá a lọ láti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ó ń san owó rẹ̀, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ní ọdún 1985, ó dá ìwé ìròyìn ìdájọ́ kan sílẹ̀, Nigerian Weekly Law Reports, èyí tí ó mú kí agbẹjọ́rò tí ó wà ní ìlú tí ó jìnnà sí Èkó lè ka ìdájọ́ tuntun láìpẹ́ tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀. Ní ọdún 1998, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò ti àgbáyé fún un ní ẹ̀bùn Bernard Simons nítorí iṣẹ́ rẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ní ọdún 2001 ni wọ́n tó fún un ní oyè Agbẹjọ́rò Àgbà ti Nàìjíríà, tí wọ́n ń pè ní SAN, lẹ́yìn tí ó ti dúró fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó kú ní ọjọ́ 5, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2009.

Ẹgbẹ́ tí ó fọ́, tí ó sì tún dìde

Ẹgbẹ́ pàápàá ti rí ìjì tirẹ̀. Ní ọdún 1992, nígbà ìpàdé gbogbogbòò ní Port Harcourt, ìjà lórí ìdìbò yan àwọn olórí le débi pé ẹgbẹ́ dàrú ní ipele àpapọ̀. Ọdún mẹ́fà ni ó kọjá kí wọ́n tó tún un tò ní ọdún 1998. Àwọn ọdún wọ̀nyí ni ìjọba ológun burú jù lọ: ọdún tí wọ́n fagi lé ìdìbò oṣù kẹfà ọdún 1993 àti ọdún tí àwọn ènìyàn ń kú sí àhámọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn agbẹjọ́rò kò ní ohùn kan ṣoṣo tí wọ́n fi lè bá ìjọba sọ̀rọ̀. Àwọn ẹ̀ka ni ó gbìyànjú láti máa dúró, àti àwọn ènìyàn bíi Fáwẹ̀hìnmi tí ń dá gbé ẹrù náà.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ìgboyà kò tó, ẹgbẹ́ tí ó lágbára láìsí ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ní ìgboyà kò sì tó. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Èyí hàn gbangba nígbà tí ọmọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó mìíràn, Rótìmí Akérédolú láti Ọ̀wọ̀, di ààrẹ ẹgbẹ́ láti ọdún 2008 títí di ọdún 2010. Òun ni ó wà ní ipò náà nígbà tí Fáwẹ̀hìnmi kú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia, kò sì fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí igbákejì rẹ̀ lè máa ṣe àkóso. Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò gba kóòtù lọ ní Àbújá lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 9, oṣù kejì, ọdún 2010, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi àṣẹ sí i pé kí Goodluck Jonathan máa ṣe adelé. Nínú ọdún kan náà, wọ́n tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe kí irú rẹ̀ má baà ṣẹlẹ̀ mọ́: bí ààrẹ bá wà ní ipò àìlera tàbí ìrìn-àjò tí kò sì kọ ìwé láàárín ọjọ́ mọ́kànlélógún, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lè fi agbára lé igbákejì lọ́wọ́. Abala 190 sọ irú rẹ̀ fún gómìnà ìpínlẹ̀. Akérédolú di gómìnà ìpínlẹ̀ yìí ní ọdún 2017, ó sì wà lórí àléfà títí tí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 27, oṣù kejìlá, ọdún 2023.

Ohun tí ó kan ẹ̀yin ará ìlú

Gbogbo èyí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ní Àbújá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní ilẹ̀ ní Ìkòyà tàbí ní Ìlútitun, tàbí tí ẹjọ́ yín wà ní Ilé-ẹjọ́ Gíga ní Òkìtìpupa, àwọn nǹkan wọ̀nyí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Èkíní ni láti mọ̀ bóyá agbẹjọ́rò ni ẹni tí ẹ gbé iṣẹ́ fún lóòótọ́. Ẹgbẹ́ ṣe òǹtẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò ní láti lẹ̀ mọ́ ìwé tí ó bá kọ. Orúkọ rẹ̀ wà lára òǹtẹ̀ náà, pẹ̀lú nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ ní Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní ọdún 2015 pé ìwé ẹjọ́ tí kò ní òǹtẹ̀ kò di òfo, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù tí agbẹjọ́rò gbọ́dọ̀ tún ṣe. Ẹ lè béèrè òǹtẹ̀ náà láìsí ìtìjú. Bí iyèméjì bá wà, ẹ béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní Òkìtìpupa.

Èkejì ni ìbuwọ́lùwé. Ní ọdún 2007, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé ìwé ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ ilé-iṣẹ́ agbẹjọ́rò buwọ́ lù, dípò orúkọ agbẹjọ́rò kan pàtó tí ó wà nínú ìwé orúkọ, kò ní agbára rárá. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti bàjẹ́ nítorí èyí, tí ẹni tí ó ni ín sì padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tí agbẹjọ́rò bá kọ lórúkọ yín, kí ẹ wo orúkọ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìwé ilẹ̀. Ní ilẹ̀ wa níbi tí ọ̀pẹ, ẹ̀gẹ́ àti rọ́bà ti jẹ́ owó, ilẹ̀ kò ṣe é fi ṣeré. Òfin ọdún 1975 kò fàyè gba ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò láti máa gbowó kọ ìwé títà tàbí gbígbé ilẹ̀ kalẹ̀ fún ẹlòmíràn. Síbẹ̀, a ń rí àwọn akọ̀wé àti àwọn alágbàtà ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́. Ìwé bẹ́ẹ̀ lè dára lójú, ṣùgbọ́n ọjọ́ ìjà ni ẹ ó mọ̀ pé ó ní ihò. Ẹ má ṣe gbàgbé pẹ̀lú pé Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 béèrè ìyọ̀ǹda gómìnà kí ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀ tó lè tà á fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò ni láti tọ́ yín sọ́nà lórí èyí, pẹ̀lú ìwé ìwọ̀n-ilẹ̀ tí awọnlẹ̀ tí ó ní àṣẹ ṣe.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Bí agbẹjọ́rò bá gba owó lórúkọ yín, bóyá owó ilẹ̀ tí ẹ tà tàbí owó gbà-má-bínú tí kóòtù fún yín, owó yín ni, kì í ṣe tirẹ̀. Ìlànà iṣẹ́ sọ pé kò gbọ́dọ̀ pa á pọ̀ mọ́ owó ara rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ fún yín pé ó ti dé. Ẹ béèrè rìsíìtì fún gbogbo owó tí ẹ bá san, kí ẹ sì jẹ́ kí àdéhùn lórí owó iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí agbẹjọ́rò bá ṣẹ̀ yín

Bí agbẹjọ́rò bá jẹ owó yín, tí ó tà yín fún ẹni tí ẹ ń bá ṣẹjọ́, tàbí tí ó fi ẹjọ́ yín sílẹ̀ láìsọ ohunkóhun, kì í ṣe ìjà òpópónà ni ìdáhùn, kì í sì í ṣe kí ẹ mú un lọ búra. Ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀, ohun tí ó ṣe, ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rìsíìtì àti ìwé ẹjọ́ tì í. Ẹ lè gbé e fún alága ẹ̀ka ẹgbẹ́, fún ààrẹ ẹgbẹ́ ní Àbújá, fún Adájọ́ Àgbà Ìpínlẹ̀, tàbí fún Kọmíṣánnà fún Ètò Ìdájọ́ ní Àkúrẹ́. Ẹgbẹ́ yóò ṣe ìwádìí. Bí ọ̀rọ̀ bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, yóò lọ sí Ìgbìmọ̀ Ìbáwí.

Ìgbìmọ̀ náà lè kìlọ̀ fún agbẹjọ́rò, ó lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró fún ìgbà kan, ó lè ní kí ó dá owó padà, ó sì lè pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ pátápátá kúrò nínú ìwé orúkọ. Agbẹjọ́rò náà ní ẹ̀tọ́ láti rojọ́, ó sì lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí dé Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ibi tí ẹjọ́ Fáwẹ̀hìnmi ti kàn wá nìyí. Ìdí kan náà tí kò fi jẹ́ kí àwọn ọ̀gá fìyà jẹ agbẹjọ́rò tí wọn kò fẹ́ràn ni ó ń mú kí ìdájọ́ tí ẹ bá gbà lórí agbẹjọ́rò tí ó ṣẹ̀ yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìbáwí tí a ṣe láìgbọ́ tẹnu rẹ̀ kì í pẹ́ tí kóòtù fi ń fagi lé e, ẹni tí ó jìyà ni yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ ẹ̀sùn, ẹ ya ohun méjì sọ́tọ̀. Agbẹjọ́rò tí ó ṣiṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn tí ẹ sì pàdánù ẹjọ́ kò ṣẹ̀ yín. Ẹjọ́ ní ẹni tí ń jẹ̀bi. Ẹni tí ó purọ́ fún yín tàbí tí ó jẹ owó yín ni ó ṣẹ̀ yín.

Bí kò bá sí owó

Fún ẹni tí kò lágbára láti gba agbẹjọ́rò, ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ìrànlọ́wọ́ Òfin, tí wọ́n ń pè ní Legal Aid Council, sílẹ̀ ní ọdún 1976. Òfin ọdún 2011 ni ó ń darí rẹ̀ báyìí. Ẹni tí owó tí ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tí ó kéré jù lọ ti orílẹ̀-èdè yìí lọ lè béèrè ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀sùn ọ̀daràn kan àti lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kò sí owó tí a ń san fún bélì ní àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn agbẹjọ́rò kan sì wà tí wọ́n ń gba ẹjọ́ aláìní rò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́.

Àwọn baba wa máa ń sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Nítorí náà, ohun tí a bá lè parí ní ìdí baálé tàbí ní ààfin, ẹ jẹ́ kí a parí rẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá di ti kóòtù, ẹ lọ pẹ̀lú ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kí ẹ mọ ẹ̀tọ́ yín lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó gbà bí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà. Agbẹjọ́rò tí ó mọ̀ pé oníbàárà òun lajú, àti pé ẹgbẹ́ òun ń wo òun, kì í sábà fi ilẹ̀ ẹlòmíràn ṣeré.